Ilé ìgbaninímọ̀ràn kan ní Old Bódìjà, àti ohun tí mo rí gbà níbẹ̀

Ẹ jẹ́ n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo ẹni tí mo ti júwe ibẹ̀ fún máa ń kọ́kọ́ bèèrè. ₦8,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá jókòó ti Màmá, ìyá tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìdáríjì níbẹ̀, fún wákàtí kan. Ti ẹgbẹ́, tí a máa ń jókòó yíká bí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ₦3,000 ni, wọ́n á sì fún yín ní ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Léèsì ni mò ń tà ní Gbági láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ojú mi mọ ọjà tó tó owó rẹ̀, ó sì mọ èyí tí wọ́n kàn fi ẹnu dídùn kì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí mo rà níbí tó owó rẹ̀, ó tún lé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni wọ́n wà ní Old Bódìjà ní Ìbàdàn, ilé ìtajà oògùn ló wà nísàlẹ̀. Wọn ò kọ ohun tí wọ́n ń ṣe gàdàgbà sára ògiri, mo sì fẹ́ràn ìyẹn, torí ẹni tó bá rí yín lẹ́nu ọ̀nà lè rò pé oògùn ibà lẹ wá rà. Ìdí kan náà ni mi ò fi ní dárúkọ wọn síbí. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù mi, kó wá bi mí, màá júwe rẹ̀ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ẹ̀dùn ọkàn ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ irú ẹrù tí mo gbé lọ kò ní mọ bí wọ́n ṣe bá mi sọ̀ ọ́.

Èmi àti ọkọ mi, Rùkáyà nìkan la bí. Nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, kí n tó mọ ọkọ mi rárá, mo lóyún, wọ́n sì bá mi ṣẹ́ ẹ. Ìyá mi nìkan ló mọ̀, ó sì ti kú. Lẹ́yìn tí a ti bí Rùkáyà tí a retí òmíràn títí, mo sọ fún ọkọ mi lóru ọjọ́ kan. Mo sunkún, ó dì mí mú, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wọlẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn ẹbí rẹ̀ pe ìpàdé sí Òkè-Àdó. Mo ń gbé àwo mọ́ínmọ́ín bọ̀ láti ìdáná nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe fẹ́ máa wà nìyí, lórí ọmọ kan ṣoṣo. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi ketekete: "Èmi kọ́ lẹ ó bi. Ẹ bi ìyàwó yín léèrè ohun tó fi oyún àkọ́kọ́ ṣe." Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà tí mo dúró sí. Ooru ṣì ń jáde lára ewé mọ́ínmọ́ín, àwo ń jó mi lọ́wọ́, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Wọ́n parí ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn àgbà bá a wí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n má bínú. Bàbá tó dàgbà jù láàárín wọn ní, "Ìyàwó wa, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é. Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré." Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù ọkọ mi bá dún tí mo rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú rẹ̀, àyà mi á já. Mò ń se oúnjẹ rẹ̀, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bá a sọ ohun tó ju "owó iléèwé ti tó san" lọ mọ́. Oorun dá lójú mi.

Mi ò ní àwọn àgbà ò ṣe dáadáa o. Ìjà ni wọ́n mọ̀ ọ́n parí, wọ́n sì parí rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù sí mi nínú ni kò sí ẹni tó bèèrè. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gba kóòtù lọ. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, tó gbọ́ bí tọkọtaya ṣe ń tú ìdí ara wọn síta níwájú àlejò, tó tún wá rí i nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì, á mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èmi tí wọ́n ti tú àṣírí mi lẹ́ẹ̀kan, ṣé màá tún gbé e lọ fún akọ̀wé kóòtù? Mi ò tilẹ̀ tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ lè mí ni. Oníbàárà mi kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní UCH ló wo ojú mi níjọ́ kan tó ní, "Àlàájà, kí ló ń ṣe yín?" Òun ló fún mi ní àdírẹ́sì.

Màmá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìgbaninímọ̀ràn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ti ṣe tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, kò sọ fún mi pé kí n dárí ji ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú mi padà lọ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dá ẹjọ́." Nígbà tí mo dé ibi mọ́ínmọ́ín, ohùn mi dá. Ó dúró dè mí. Kò ní "ẹ pẹ̀lẹ́, ó ti tó." Nígbà tí mo ṣe tán, ó bi mí léèrè èwo ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Mo ti rò pé ìtìjú iwájú ẹbí ni. Bí mo ṣe ń dáhùn ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi pé bó ṣe dì mí mú lóru ọjọ́ yẹn ló ń dùn mí jù. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti tú ara mi sílẹ̀ láyé yìí, ibẹ̀ ló ti mú ohun tó fi nà mí.

Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi bá ẹni sáré débi ìdáríjì. Robert Enright, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tó ti ń ṣèwádìí lórí ìdáríjì láti nǹkan bí ọdún 1985, pín ọ̀nà náà sí ìpele mẹ́rin, èyí àkọ́kọ́ sì ni kí ènìyàn tú ìbínú rẹ̀ síta kó wò ó dáadáa: ta ló ń bínú sí, nítorí kí ni, kí ni ìbínú náà ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò tó yàn bóyá òun fẹ́ dárí jì. Ní Òkè-Àdó, orí ìdáríjì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Ìwé tí wọ́n ń lò nínú ẹgbẹ́, ìlànà Everett Worthington ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ni òun náà, ní Virginia Commonwealth University ní Amẹ́ríkà. Ó ti ń kọ́ ènìyàn ní ìdáríjì kí olè tó wọlé tọ ìyá rẹ̀ ní àkókò ọdún tuntun 1996, tó sì pa á. Nígbà tí Màmá sọ èyí fún wa, gbogbo yàrá dákẹ́, torí ó ti ń ṣe àwa kan bíi pé ẹni tí ayé ò fìyà jẹ ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti òkè òkun. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni, lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì sì para pọ̀ di REACH. Ẹ ó rántí ohun tó dùn yín bó ṣe rí, láìfi kún un. Ẹ ó gbìyànjú láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀ yín. Ẹ ó fún un ní ìdáríjì tí kò ṣiṣẹ́ fún, bí ẹ̀yin náà ṣe ti rí irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Ẹ ó sọ ọ́ síta tàbí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó sì dì í mú lọ́jọ́ tí inú bá tún ru.

Ìgbésẹ̀ kejì ló le fún mi jù. Màmá gbé àga méjì kojú ara wọn. Ó ní kí n jókòó sí ọ̀kan, kí n bá ọkọ mi wí bí ẹni pé ó wà lórí èkejì. Tí mo bá tán, kí n dìde lọ jókòó sí tirẹ̀, kí n fi ẹnu rẹ̀ dáhùn. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Kí ni màá gbẹnu rẹ̀ sọ? Nígbà tí mo jàjà jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jáde ni pé, "Ìyá Rùkáyà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá mo jẹ́ ọkùnrin. Mi ò sọ fún ọ rí." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni, torí mo mọ ẹbí yẹn. Ẹ má ṣì mí gbọ́: ohun tó ṣe burú, ó ṣì burú títí di òní. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí ẹ̀rù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkanra tó ti ń jẹ mí láyà sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n fún wa ní báírò, wọ́n ní ká kọ ohun tí wọ́n ṣe fún wa sí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀rọ̀ kan péré. Mo kọ "àṣírí." Wọ́n gbé bàsíà omi àti ọṣẹ dúdú sí àárín, ẹni tó bá ti ṣetán láti dárí jì á lọ fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo tún fọ̀ ọ́, àmì rẹ̀ ṣì hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ. Màmá ní kí n má bo ọwọ́, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, màá tún fọ̀ ọ́ nílé. Bàbá àgbàlagbà kan wà láàárín wa tó ń wa takisí ní Mọ́níyà, tí ọmọ tó tọ́ yege kọ̀ ọ́ sílẹ̀ (ó fún mi láyè láti sọ èyí). Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló kọ ọ̀rọ̀ sí. Ó jókòó, kò dìde lọ síbi omi. Ó ní, "Mi ò tíì ṣetán." Níbòmíràn, àdúrà ni wọn ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lé e lórí, tàbí kí wọ́n máa kà á létí pé Ọlọ́run ò ní dárí ji òun náà. Màmá ní, "Ẹ mú un lọlé bẹ́ẹ̀, Bàbá. Omi á wà níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dára jù níbẹ̀, ohun tí màá kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Wọn kì í fi túláàsì gba ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tí ó ń dùn.

Nínú ìwé yẹn náà ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń parí ìjà nílùú yìí mọ̀. Worthington ní ìdáríjì tí ènìyàn fi ìpinnu ṣe wà, tí yóò ní òun ò ní gbẹ̀san, òun á sì máa hùwà sí ẹni náà bí ó ti yẹ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdáríjì ti inú náà wà, tí ìbínú á fi máa yọ́ kúrò, tí àánú á sì máa gba ipò rẹ̀, ìyẹn kì í sì í yá. Nígbà tí mo ní "mo ti gbọ́" ní Òkè-Àdó, òótọ́ ni mo sọ lórí ti àkọ́kọ́. Wọ́n ń wojú mi fún èkejì láti ọjọ́ kejì, nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n ní mò ń di ìbínú sínú.

Nǹkan kẹta tún wà, èyíinì ni pípadà rẹ́. Màmá ní èèyàn lè dárí ji ẹni tí kò tún ní bá gbé mọ́, ó sì lè dárí ji òkú. Ọwọ́ ẹnì kan ni ìdáríjì wà, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ ń fẹ́ ẹni méjì, ó sì ń fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ fi ìwà hàn pé òun ti yí padà. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kọ mí lóminú, nítorí ohun tí mo ti ń gbọ́ ni pé kí obìnrin ní sùúrù. Mo lọ ṣí Kùránì. Nínú Súrà 42, ẹsẹ 40, Ọlọ́run kọ́kọ́ ní ẹ̀san aburú ni aburú irú rẹ̀, kó tó wá ní ẹni tó bá ṣàforíjì tó sì ṣàtúnṣe, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Òun. Ó gbà pé wọ́n ṣẹ̀ mí kó tó bẹ̀ mí. Kírísítẹ́nì tó jókòó tì mí ní ti àwọn náà ní kí èèyàn dárí jì ní àádọ́rin lọ́nà méje nínú Mátíù 18; Màmá fi kún un pé kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ó máa gbé inú iná ní gbogbo ìgbà yẹn.

Àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe wà. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú máa ń pariwo orúkọ ènìyàn pátápátá, ti bàbá mọ́ ọn, níbi tí a ti ń dúró. Kí ni àǹfààní ilé tí kò kọ ohun tó ń ṣe sára ògiri bí wọ́n bá ń kéde ẹni tó wá? Mo sọ fún wọn, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà fúngbà díẹ̀, wọ́n tún padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Pákó tó pín yàrá Màmá sí ti ẹgbẹ́ fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀, ẹ ó gbọ́ ẹkún ẹlòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ìdajì àwọn tó ń wá ò lè kà á dáadáa. Màmá ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń lọ, ó sì mọ̀ ọ́n tú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un délé kò ní rí ohun tí yóò kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá. Wọ́n tún máa ń sáré níbi ìgbésẹ̀ kẹta, torí ilẹ̀ ti ń ṣú, oníkálukú sì ń wọ́nà mọ́tò. Ìyẹn ló yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹni tí kò lówó lè rí irú ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní 2024 fún àwọn ènìyàn 4,598 ní Kòlóńbíà, Hong Kong, Indonéṣíà, South Africa àti Ukraine ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, èyí tí èèyàn lè dá ṣe tán láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ìbínú tó wà nínú àwọn tó lò ó dín kù, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn náà sì dín kù. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ní tèmi, bí wọ́n bá fún mi ní ìwé nìkan, ibi tó ti ní kí n rántí ni màá ti pa á dé. Mo nílò ẹni tí yóò jókòó tì mí nígbà tí ohùn mi bá dá.

Ẹni tí wọ́n ń lù nílé, kó má lọ síbẹ̀ nítorí ìdáríjì. Àwọn fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wọlé tí ojú rẹ̀ wú, Màmá ò fún un ní ìwé kankan. Ó bi í pé níbo ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, òun àti àwọn ọmọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn títí wọ́n fi rí ìdáhùn sí i. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó kú, UCH ni wọ́n ń mú un lọ bá àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, wọn kì í dá a dúró.

Ọkọ mi bá mi débẹ̀ nígbẹ̀yìn. Màmá ò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Ó ní kó jókòó, kó sọ ohun tó ṣe láì sọ ìdí tó fi ṣe é. Ó gbà á ní àkókò. Ó sọ ọ́ dé orí "ohun tó sọ fún mi lóru, mo lò ó láti fi gba ara mi," ó sì dákẹ́. Látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tó mọ ohun tó ń bẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo wà níbẹ̀, ó ní kó má tún dá ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ lójú mi mọ́ láé. A ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe ti owó iléèwé nìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Mo ti dárí jì í. Mò ń kí i, mò ń gbé oúnjẹ fún un bó bá wá. Ohun tó bá wà nínú mi, mi ò ní sọ ọ́ níbi tí etí rẹ̀ wà, Màmá sì ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ti ẹgbẹ́. Ìyẹn ń pa àwa ọlọ́jà lára, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ nípa gbígbé e sí Sátidé. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Gbági, ẹ tètè kúrò kí ọ̀nà Ìwó Road tó dí. Ẹ mú báírò tiyín lọ́wọ́. Ẹ sì sọ fún ọmọbìnrin iwájú yẹn kí ẹ tó jókòó, kó fi nọ́ńbà pè yín.